Hẹ́dífóònù tó gbé ohùn Ìyá Àlímọ̀t mì

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á parí, kí ẹ sì kà á fún ẹni tó gbójú lé ọgbọ́n ara rẹ̀ nìkan.

1.
Ní nǹkan bí ọdún 1974, Mọ̀núrù ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Nígbà tí hẹ́dífóònù tó fi ń bo etí gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́, òun àti Ṣàíbù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lọ ra òmíràn. Méjì ni ọlọ́jà gbé kalẹ̀. Ọ̀kan rí ṣákálá. Bí orin bá ṣe rí ló ṣe ń gbé e jáde. Èkejì ń dán, ohùn olórin sì ń dún gooro nínú rẹ̀.

“Èyí ni mo fẹ́,” ni Mọ̀núrù wí.

Ṣàíbù ní, “Èyí tó ń mú gbogbo orin dùn, báwo lo ṣe fẹ́ fi mọ èyí tí kò dùn?”

Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín. “Ṣé o fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin ni?” Ó ra èyí tó ń dán náà.

2.
Kò pẹ́ ni Ìyá Àlímọ̀t, àgbà olórin wákà ní Ẹnu Ọwá, wá gba orin sílẹ̀. Àìsàn ti ń bá a fínra, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun rí ohùn òun gbọ́ lẹ́yìn òun. Bó ti ń kọrin, ohùn rẹ̀ ń gún Mọ̀núrù létí nínú hẹ́dífóònù. Mọ̀núrù bá ń dín ohùn ìyá kù, ó ń dín in kù, títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Mọ̀núrù ọmọ mi, ṣé a ò ní gbọ́ ọ lórí sípíkà ni?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Mo ti gbọ́ ọ. Kò lábùkù.”

Ìyá fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ ò jẹ́. Kí òṣù yẹn tó parí, ó jẹ́ ìpè Ọlọ́hun.

3.
Ganiat, ọmọ ìyá náà obìnrin, kó ẹbí jọ sílé, ó pe Mọ̀núrù tòun ti hẹ́dífóònù rẹ̀, wọ́n sì tan téèpù orin náà lórí sípíkà. Ìlù ń dún kíkankíkan. Àwọn elégbè ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn.

“Bọ̀dá Mọ̀núrù, ohùn ìyá mi dà?”

Ọ̀rọ̀ náà rú Mọ̀núrù lójú. Ó fi hẹ́dífóònù sétí: ìyá wà níbẹ̀, kedere. Ó yọ ọ́: ìyá pòórá. Ó tún fi í sí, ó tún yọ ọ́. Kò mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́ mọ́, etí tirẹ̀ ni, àbí ti gbogbo ilé. Ó fẹ́ gbé ohùn ìyá sókè, ṣùgbọ́n ìlù àti ohùn ti di ọ̀kan nínú téèpù. Bó bá gbé ọ̀kan sókè, èkejì á tẹ̀lé e.

“Ó wà níbí, Ganiat. Wá gbọ́ ọ.”

Ganiat fi hẹ́dífóònù náà sétí, ó sì bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé Mọ̀núrù lọ́wọ́. “Ẹ máa mú un lọ. Ara yín nìkan lẹ gba ohùn ìyá wa sílẹ̀ fún.”

Ẹ̀yin tó ń ra ohun tí ẹ ó fi gbọ́ orin, ẹ má ra èyí tó ń tàn yín. Ẹ ra èyí tó ń sọ òótọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín gbọ́ ọ kí ó tó pẹ́ jù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.