Rélùwéè Toheebat

Atúnrédíòṣe fi òjé jó wáyà tó kù mọ́ mọ́tò kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò, rélùwéè kékeré tó fi agolo mílíìkì kàn sì gbéra. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà ló ti ń ṣe é de Toheebat ọmọ rẹ̀, tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Pobẹ̀ ní ilẹ̀ Benin láti kékeré.

Bọ́dà wá ṣí. Ọkùnrin kan fi ọ̀kadà gbé ọmọ náà wá sí Ìlaròó.

"Ìyá rẹ̀ ní kó wá kí yín, ká tó padà."

Toheebat di ṣòkòtò ọkùnrin náà mú. "Papá, ta ni bàbá yìí?"

Atúnrédíòṣe gbé rélùwéè náà jáde.

"Ẹ sún mọ́bí," ó wí fún ọkùnrin náà. "Bí kò bá rìn mọ́, ẹ fi sáńpépà ha irin tó kan bátìrì rẹ̀."

Ó ṣàlàyé títí ó fi yé ọkùnrin náà, ó sì gbé rélùwéè náà lé e lọ́wọ́.