Ọwọ́ Tó Gbóná Lẹ́yìn Kùdírátù

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ Kùdírátù ní ọsibítù, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ní kí wọ́n fi òun han dókítà.

"Màámi, ọsibítù náà lẹ ti ń bọ̀ yìí," Abdulkabir ọmọ rẹ̀ wí. "Àga tí ẹ ń jókòó pẹ́ sí níbẹ̀ ló fà á. Haleemah á fi àdí ra yín lẹ́yìn."

Haleemah ìyàwó Abdulkabir fi àdí ra á lẹ́yìn. Ara ìyá ń gbóná. Wọ́n ra oògùn ibà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ìgbàkígbà tí Haleemah bá jí kírun àárọ̀, ìyá ti fara ti ògiri.

"Ẹ tún ṣáájú wa jí."

"Àgbà ni mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀. "Bàbá yín wá bá mi lójú àlá. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lẹ́yìn. Ọwọ́ náà gbóná bí áyọ́ọ̀nù."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Abdulkabir. Wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ tán kó tó ti Sókótó dé. Láti ìgbà náà, kì í gba ẹ̀bá sàréè náà kọjá.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n béèrè rẹ."

Lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò wọn ní Ìgbẹ́ìn jẹ àkàrà sàráà tí Abdulkabir ṣe fún bàbá rẹ̀. Àfáà wá, ó fi omi àdúà pa ìyá lẹ́yìn.

"Bàbá ò sọ̀rọ̀ àdí lójú àlá ni, Màámi?" Haleemah béèrè.

"Wọ́n ní ó ń rùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ìyá tún rọ́ àlá fún ọmọ rẹ̀. "Inú ń bí wọn. Wọ́n ní àwọn ò tọrọ àkàrà. Kí o gbé mi lọ sọ́sibítù, kí wọ́n ya fọ́tò egungun ẹ̀yìn mi. Bí mo bá rọ lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń bọ̀."

Abdulkabir kò jẹun tán tó fi gbé e sínú mọ́tò.

Dókítà wo fọ́tò náà, ó sọ ohun tó rí. Kòkòrò àrùn ti gba ojú ibi tí wọ́n ń ki rọ́bà ẹ̀rọ bọ̀ lára ìyá wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ti ń jẹ egungun ẹ̀yìn.

"Ká ní ẹ jáfara, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ì bá ti rọ."

Abdulkabir lọ sí sàréè bàbá rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sunkún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ jẹ́ kí Kùdírátù rí oorun sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún, nígbà náà ni ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a lójú àlá, ó ní, "Kùdírátù, ìgbà wo ni mo rán ọ níṣẹ́?"