Ife Kejì

Ẹnu Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, aránṣọ ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ti ṣàkóso rí, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Lánìhun ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn láti máa kó ohun èlò àtijọ́ jọ, èyí tí àwọn Faransé fi ń mu àbúsáǹtì, ọtí ewéko kan tó korò. Lọ́jọ́ kan, ó mú ife kejì dé kún ọ̀kan tó ti ní, láti ilé òyìnbó kan tó ti dahoro.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó bu ọtí aláwọ̀ ewé sínú ife méjèèjì, ó fi ṣíbí oníhò dé wọn, ó gbé ṣúgà lé ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Àgbá omi onídígí tó ní ẹ̀rọ méjì wà láàrin. Ó ṣí ọ̀kan sórí ife tirẹ̀. Omi ń kán, tó, tó, ọtí sì ń funfun bí omi ògì.

"Ta lẹ bu tibí fún? Èmi ò mu ewúro inú ìgò o!" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Lánìhun rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí àga tó ṣófo. "Ọ̀rẹ́, ẹ wá bá mi mu o!"

Ohùn kan dáhùn láti orí àga náà: "Mo ti jókòó."

Ẹ̀rọ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọtí ife kejì funfun, ó sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ìyàwó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó tutù. "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ká lọ."

Kò dìde. Ó ń gbé ṣúgà mìíràn sórí ṣíbí àlejò.

Ìyàwó fà á títí, ọkọ kò mira. Nígbà tí obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ohùn méjì pè é lẹ́ẹ̀kan náà: "Ìyá Rẹ̀mí, wá bá wa mu."

"Á gba ibi ire," ni ó dáhùn, ó sì jáde láìwẹ̀yìn.