Ọ̀pá Ìdarí Tó Ń Ti Ọwọ́ Padà

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Iléṣà tó ń jẹ́ Ládiméjì. Ẹ̀yin ọmọ, Ládi kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì níkà nínú. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò lè la ẹnu rẹ̀ kó sọ pé òun kò mọ nǹkan. Bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀nà ilé tí kò dé rí, yóò júwe rẹ̀ fún yín.

Bàbá rẹ̀, Alàgbà Ọlátẹ́jú, ti wa ọkọ̀ òfurufú ogun rí. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni àìsàn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Apá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọjí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ra ọ̀pá ìdarí kan fún un, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe géèmù ogun ojú òfurufú lórí kọ̀ǹpútà. Mọ́tò wà nínú ọ̀pá yìí tó ń ti ọwọ́ ẹni padà, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń bá awakọ̀ jà lókè. Dókítà ní kò burú fún apá rẹ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti jẹ́ kí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ládi gbé ọ̀pá náà kalẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìbídùn, yọ ìwé pẹlẹbẹ kan nínú páálí.

"Bọ̀dá Ládi, wọ́n ní ká kọ́kọ́ fi irin dì í mọ́ tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Fi ìwé yẹn sílẹ̀ jàre," ni Ládi wí. "Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní kọ̀ǹpútà?"

Ó so ọ̀pá náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ń yí bó ṣe ń yí ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọ̀pá fúnra rẹ̀ kàn rọ̀ jọ̀bọ̀ ni, kò ti ẹnikẹ́ni padà. Ládi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò agbára, ó gbé e dé ìdajì. Kò sí ìyàtọ̀. Ó gbé e dé òpin pátápátá. Síbẹ̀, pàbó. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Ó wo aago, ó fa wáyà yọ, ó tún un kì bọ̀ ọ́, ó tún wo aago.

"Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó tà á fún wa," ni Ìbídùn wí.

"Kí n wá sọ fún un pé kí ni? Pé mi ò mọ̀ ọ́n tò?"

Kò tíì gbẹ́nu dúró tí ọkọ̀ tó gbé Bàbá bọ̀ fi wọlé.

Bí Bàbá ṣe rí ọ̀pá náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Kò tilẹ̀ ṣí fìlà tó fi jókòó. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọ̀pá, ó fi tòsì ká àwọn ìka rẹ̀ mọ́ ọn níkọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti di irú èyí mú," ló wí. "Ládi, ṣé o ti tò ó tán? Ṣé kí n máa gbéra?"

Ládi mọ̀ dájú pé òun kò mọ ohun tó ṣe ọ̀pá náà. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju kó ní kí Bàbá dúró ná. Ìbídùn ń wò ó.

"Ó ti tán, sà," ni Ládi dáhùn.

Bàbá gbé ọkọ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà kúrò nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pá yìí mà rọ̀ o. Kò lágbára kankan."

Ojú ti Ládi. Ó kúnlẹ̀, ó yọjú sábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ló ti rí i pé wáyà tó ń gbé iná wá fún mọ́tò kò tíì sí lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí pé òun ti gbé agbára dé òpin. Kò sì ní kí Bàbá mú ọwọ́ kúrò. Ó ki wáyà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pá náà jí gìrì. Ó fà sósì, ó fà sọ́tùn-ún. Nítorí pé ohunkóhun kò dì í mú, ó fò kúrò láyè rẹ̀, ó gbé ọwọ́ Bàbá lọ, ó sì fi í gbá etí tábìlì. Bàbá ká ọwọ́ náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Ní ọsibítù, Ládi kò lè jókòó. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń rò ó pé òun ti pa ọwọ́ tí Ọlọ́run ń jí padà. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní eegun ọrùn ọwọ́ ti sán. Ó ní yóò jiná, àmọ́ Bàbá kò ní lè fi ọwọ́ náà ṣe eré ìdárayá tó ń mú un sọjí títí yóò fi jiná, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ yóò padà bọ̀.

Ládi dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n tò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti mọ̀."

Bàbá wí pé, "Nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, ọ̀gá á tún un kọ́. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, tí kò sì mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Àwọn tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rò. Dìde."

Eegun náà jiná, ṣùgbọ́n agbára tó ti ń padà sínú apá náà lọ, kò sì bọ̀ mọ́. Ọwọ́ òsì ni Bàbá fi ń darí ọkọ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Ládi àti Ìbídùn ka ìwé náà tán, wọ́n pe ẹni tó tà á, wọ́n dì í mọ́ tábìlì, wọ́n dá agbára rẹ̀ padà sísàlẹ̀, wọ́n sì rọra gbé e sókè díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Ládi bá sì rí i tí Bàbá ń fi òsì yí ọ̀pá náà, ó máa ń gbójú sá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé a kò mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn bá ti fi ara rẹ̀ sí ìkáwọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí yín lẹ́nu. Ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì béèrè, kó tó di pé ọwọ́ onítọ̀hún ló máa jẹ ìyà rẹ̀.