Kápẹ́ńtà Tó Fi "Mò Ń Bọ̀" Tọ́jú Ìyá Rẹ̀

Ẹnu dídùn tí kò ní ọwọ́ nínú ni àléébù kápẹ́ńtà yìí. Bí iṣẹ́ bá délẹ̀ nínú ẹbí, yóò ní, "Mò ń bọ̀." Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa rí.

Nígbà tí àrùn ìgbàgbé mú ìyá wọn, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì. Òun ló ń wẹ ìyá, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun náà ni ìyá ń pè lólè nígbà tí kò bá rí bàtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tì sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu; ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni òkété yìí bí, ẹyọ kan ló ń fún un lọ́mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án kan péré. Oorun fẹ́ pa mí."

"Ìwọ lobìnrin. Àbí kí èmi náà wá máa ró ìró ni?"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Lánàá, mo gbọ́wọ́ sókè sí wọn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n lù wọ́n."

Ìyẹn ló gbé e wá. Kó tó jókòó, àbúrò ti sùn lọ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí oníbàárà kan pè é pé kó wá wọn ilẹ̀kùn. Ó yẹ kó jí àbúrò rẹ̀. Kò jí i.

"Ìyá, mò ń bọ̀," ló wí, ó bá lọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó ń lọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá kò mọ ìyẹn mọ́. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun ń bọ̀ lọ́nà. Ó dìde, ó lọ pàdé rẹ̀. Inú kòtò ẹ̀bá títì ni wọ́n ti bá a, egungun itan rẹ̀ ti kán.

Àbúrò kò pariwo. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lókun ìbínú mọ́," ló sọ, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí. Wọ́n dá àbúrò dúró sí ọsibítù, ìtọ́jú ìyá wá ku kápẹ́ńtà nìkan.

Kápẹ́ńtà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó gbé síbí lọ sẹ́nu ìyá. Ìyá pa ẹnu dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ta ni ọ́?"

"Èmi ni, àkọ́bí yín."

"Mi ò bí ọkùnrin rí. Ẹ bá mi pe ọmọ mi wá!"

Kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Àbúrò kò tíì lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n sin ìyá.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ẹni tó ń dá tọ́jú aláìsàn ìgbàgbé, aláìsàn kejì ni bí ẹbí bá fi í sílẹ̀. Ẹ má fẹnu ràn án lọ́wọ́. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀, kí ó sùn, kẹ́ ẹ sì dúró títí yóò fi jí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àbámọ̀ kò sì lè fún abiyamọ lóúnjẹ.