Fóònù Tó Ríran Jù

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú, iná ò sì sí. Morádékẹ́ fẹ́ mọ èyí tó ríran jù lókùnkùn nínú fóònù olówó ńlá méjì tó rà, ló bá ní kí Táyé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò tí wọ́n ti pa tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya Táyé lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, kú ní kékeré, tí wọ́n lẹ fọ́tò méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì ló jókòó. Táyé kórìíra fọ́tò náà.

Fóònù àkọ́kọ́ yà á: òun nìkan ni. Bẹ́ǹṣì dún. Fóònù kejì yà á: Táyé méjì ló jókòó, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín.

Táyé kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Jẹ́ n pa á rẹ́, ká sá!” ni Morádékẹ́ ké.

“Ṣé Kẹ́hìndé mi ni màá sá fún? Ayédèrú ni fọ́tò ọjọ́sí.” Táyé sún díẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n. “Tún wa yà.”