Òjò Kò Sí ní Ìkáwọ́ Mi

Hàlímọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó agbo ilé Adérógbà ní Èrúwà, ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2025, nígbà tí àwọn ará ilé jókòó tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Èyí tó ṣojú rẹ̀ ni ó sọ. Èyí tí kò ṣojú rẹ̀, ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó ti gbọ́ ọ.

Ojúọlá, Màmá Malachi, tí òun náà jẹ́ ìyàwó ilé, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Owú ni àbùkù rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá rẹ́rìn-ín, yóò máa wò ó bóyá àpò òun ni wọ́n ti mú ẹ̀rín náà jáde. Ẹni tí Ojúọlá sì ń jowú rẹ̀ jù lọ ni Àràmídé, ìyàwó tí ó wọlé kẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tó mọ ìwà, Àràmídé kì í pe àwọn ọmọ tí ó bá nílé lórúkọ. Ó fún olúkúlùkù ní orúkọ ìkẹ́. Ó pe àbíkẹ́yìn Ojúọlá ní Eyínfúnjowó. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yìí kò jẹ́ orúkọ mìíràn mọ́.

"Ta ló bí ọ?" Ojúọlá bi í.

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Kí ni mo sọ ọ́?"

"Eyínfúnjowó."

 Ojúọlá pe Malachi, akọ́bí rẹ̀ tí ó ń kàwé ní Ìbàdàn, lórí fóònù.

"Malachi, ìyàwó yìí fẹ́ pa mí. Mi ò fẹ́ rí i sójú."

"Màmá, ẹ farabalẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wà nílẹ̀ Gíríìkì láyé àtijọ́, Sítóíìkì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ní ìwà ẹlòmíràn kò sí ní ìkáwọ́ wa, ká má fi ba ọkàn ara wa jẹ́. Èyí tó wá wà ní ìkáwọ́ wa…"

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti gbọ́ èyí tí mo fẹ́."

Ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́. Bí inú rẹ̀ bá fẹ́ ru, yóò mí kanlẹ̀, yóò wí pé, "Kò sí ní ìkáwọ́ mi," yóò sì rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí owú náà kọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n lò ju Ojúọlá lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Malachi."

"Àárọ̀ kò sí ní ìkáwọ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé abọ́ yìí rù mí."

"Ọrùn rẹ kò sí ní ìkáwọ́ mi."

Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Kòsíníkàáwọ́mi. Wọn a rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Àràmídé nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, èyí náà sì tún ń dun Ojúọlá.

Ohun kan wà tí Ojúọlá ń fẹ́ ju gbogbo nǹkan lọ. Màmá Zachariah, ìyálé ilé, ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ìyálé ilé ni ó ń parí ìjà àwọn obìnrin, òun ni ó sì ń gba ìyàwó tuntun wọlé. Ojúọlá ni ó wọlé tẹ̀ lé e. Ó ti ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí yóò jẹ ìyálé pa mọ́.

Ní oṣù Kẹta, òjò àkọ́rọ̀ ṣú láìròtẹ́lẹ̀. Láfún ilé wà lórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ẹni tí òjò bá bá nílé, láfún gbogbo ilé ni ó máa ń kó. Wọn kì í bèèrè ẹni tó ni ín. Hàlímọ̀ sáré kọjá lójú ọ̀nà.

"Òjò o! Màmá Malachi, ẹ kó láfún o! Mo ń lọ mú ọmọ mi nílé ìwé!"

Ojúọlá kó tirẹ̀. Èyí tó kù wà lórí ọ̀rá aláwọ̀ búlúù, ọ̀rá Àràmídé, ẹni tí ó ti gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Tápà láàárọ̀. Ojúọlá na ọwọ́ sí i. Ó rántí Eyínfúnjowó. Ó fa ọwọ́ padà.

Màmá Zachariah ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Ojúọlá, o ti kó o tán?"

"Mo ti kó tèmi, Màmá."

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Òjò kò sí ní ìkáwọ́ mi, Màmá."

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí. "Mo gbọ́."

Nígbà tí Àràmídé dé, omi funfun ń ṣàn lórí àpáta bí omi ògì. Kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ tútù ọrùn rẹ̀ tí ó fi kúnlẹ̀ síwájú Màmá Zachariah.

"Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo ní kí n bá yín sá a sórí ọ̀rá mi. Láfún yín ti lọ!"

Ojúọlá sún mọ́ wọn. "Láfún Màmá?"

"Tèmi ni," ni ìyá àgbà dáhùn. "Òun ni mo fẹ́ fi ṣe àlejò lọ́jọ́ tí n ó fa ilé lé ọ lọ́wọ́. O ti fi fún òjò."

Ojúọlá tún pe Malachi. Ó ro ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kí ni àwọn ará Gíríìkì rẹ wí sí irú èyí?"

"Wọ́n ní ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni kẹ́ ẹ mójú tó, Màmá. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lọ́jọ́sí."

"Kí ló wà ní ìkáwọ́ mi níbẹ̀?"

"Láfún ni, Màmá."

Síbẹ̀ kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n ń jẹ ìyálé, kò sì sí ẹni tó lè yí i padà. Nígbà tí Màmá Zachariah pe àwọn obìnrin ilé jọ, ó wọ aṣọ tuntun rẹ̀, ó jókòó síwájú. Ìyá àgbà na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, ó fa Hàlímọ̀ dìde.

Ojúọlá fò sókè. "Màmá, èmi ni mo wọlé ṣáájú rẹ̀!"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ ìyálé kò sí ní ìkáwọ́ rẹ. Ìkáwọ́ mi ló wà."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ kí ìyálé tuntun, Ojúọlá sì kúnlẹ̀ kẹ́yìn, nínú aṣọ tuntun rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2025, ni ọ̀rọ̀ náà parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Kò sí ẹni tó lè fẹ́ràn gbogbo ènìyàn, ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀ láàárín àwọn tí a kò fẹ́ràn sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọgbọ́n bo owú mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wí pé nǹkan kò sí ní ìkáwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín dáadáa, bóyá ẹ̀yin ni ẹ fà á padà.